Gudi Wà Lórí Òrùlé

Láti ìdájí ni Jantan ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì onókùn láàárín àgbàlá, ó gbé òwú pupa lé itan, ó ń fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n. Ojú arúgbó náà ti di bàìbàì, etí rẹ̀ sì ti di, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn àna ń bọ̀ wá dá ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀, òwú pupa ni wọ́n sì fi ń dá a nílé wọn. Iye ọjọ́ tó bá kù kí ìyàwó kúrò nílé bàbá rẹ̀, iye kókó tí wọ́n máa so sára òwú nìyẹn. Ẹbí ọkọ á mú ọ̀kan lọ, ẹbí ìyàwó á fi èkejì kọ́ ìṣó. Láràárọ̀ ni wọ́n á máa tú kókó kan. Tí kókó bá ti tán lára òwú, ọmọ ti lọ nìyẹn.

“Nasiban, ṣé ogún ni, àbí mọ́kànlélógún?”

“Wọn ò tíì dé, Màmá. Àwọn ni wọ́n máa sọ iye tí wọ́n fẹ́.”

“Wọ́n ti dé?”

“Mo ní wọn ò tíì dé.”

“Wọ́n ti dé, ẹ ò sì gbé ìborùn mi fún mi.”

Nasiban gbé ìborùn lé ìyá ọkọ rẹ̀ lórí, ó sáré padà sílé ìdáná. Kò tíì fìdí kanlẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti kírun àárọ̀. Adìẹ wà lórí iná, ìrẹsì wà nínú omi, ó sì ti po ìyẹ̀fun ẹ̀wà pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà àti ata tútù tó máa fi din pakora. Yàrá iwájú tí wọ́n máa gba àlejò sí, ó ti gbá a, ó tún un gbá, nítorí fọ́nrán ọparun ló ń rí níbi gbogbo: lẹ́sẹ̀ ilẹ̀kùn, nínú ihò ògiri, lábẹ́ ẹní. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi ń to káìtì bébà dé àjà nínú yàrá yẹn. Ní báyìí ó ti ṣófo, ohùn èèyàn sì ń dún padà tó bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Kò sí ilé kan ládùúgbò náà tí kì í ṣe káìtì. Obìnrin ló ń gé bébà, obìnrin ló ń tẹ ọparun, ọkùnrin á wá kó o lọ fún Alájì tó ń rà á lọ́wọ́ gbogbo wọn. Oṣù tó kọjá ni ìjọba ìpínlẹ̀ ṣòfin tuntun, wọ́n sì fi gbohùngbohùn mọ́sálásí kà á sétí gbogbo èèyàn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe káìtì mọ́, kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ fi ṣeré, kò gbọdọ̀ ní in nílé. Bákan náà ni okùn rẹ̀. Ilé tí wọ́n bá ti rí i, baálé ibẹ̀ ló máa bá wọn lọ, àgọ́ ọlọ́pàá ò sì lè fún un ní béèlì, àfi adájọ́. Ẹni tó bá mọ ibi tó wà tó sì pe nọ́ńbà kan, ìjọba á fún un ní ẹ̀bùn. Ẹni tí tiẹ̀ bá wà nílé, kó kó o wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò ní fi nǹkan kan ṣe é. Kò sẹ́ni tó sọ ohun táwọn èèyàn á máa jẹ lọ́jọ́ kẹrin.

Rafakat, ọkọ Nasiban, di tiẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kó gbogbo ẹ̀ fún wọn tán pátápátá, wọ́n sì fún un níwèé tó ní òǹtẹ̀. Nasiban ò mọ̀wé kà, ọkọ rẹ̀ náà ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ òǹtẹ̀ náà tóbi, ó sì yọ dáadáa. Nasiban fi ìwé yẹn sínú ọ̀rá pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ wọn, ó gbé e sábẹ́ Kùránì lórí pẹpẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, wọ́n tún jà lé e lórí.

“Sun ìwé yẹn níná,” ni Rafakat wí. Ó ń fá irùngbọ̀n níwájú dígí kékeré tó wà lára ògiri, ó ti wọ ẹ̀wù funfun.

“Ìwé ìjọba ni kí n sun?”

“Àlejò ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kẹ́nì kan rí orúkọ mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ káìtì.”

“Ta ló máa wá gbé Kùránì wá nǹkan lábẹ́ ẹ̀? Bàbá Gudi, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá wá bi wá léèrè, ìwé yẹn ló máa bá wa sọ̀rọ̀.”

“Kí ló fẹ́ sọ?”

“Pé ọwọ́ wa ti mọ́.”

Rafakat wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó fọ abẹ, ó sì nu ojú. Ọkùnrin tí kì í lè jà pẹ́ ni.

Bàbá Gudi ni Nasiban ń pè é, torí obìnrin ibẹ̀ kì í pe orúkọ ọkọ. Shagufta lorúkọ ọmọ wọn nínú káàdì, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó tín-ín-rín nígbà tí wọ́n bí i, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ni Jantan bá ní káìtì ni wọ́n bí fún òun, ó sọ ọ́ ní Gudi. Gudi ni wọ́n ń pe káìtì lédè wọn. Gudi tó wà ládùúgbò náà ju márùn-ún lọ, kò sì tíì fa ìjọ̀gbọ̀n kankan rí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Baṣiran, àbúrò Nasiban, pè láti abúlé. Ẹ̀gbẹ́ ògiri tó pín ilé wọn àti ilé Zohran aládùúgbò wọn níyà nìkan ni fóònù ti máa ń já geere, ibẹ̀ náà ni Nasiban sáré lọ. Ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gbé fóònù lé orí ògiri, ó jẹ́ kó máa pariwo síta.

“Ẹ̀gbọ́n mi, Gudi ṣì wà lọ́wọ́ yín?”

“Ibo ni kó lọ? Ó wà lórí òrùlé, kó lè gbẹ.”

“Pupa lẹ fi ṣe é?”

“Pupa, mo fi góòlù sí i létí.”

“Áà, ó máa dáa. Ẹ bò ó o. Ojú àdúgbò ò dáa. Ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan rí i kí wọ́n tó wá wò ó.”

“Ta ló fẹ́ rí i lókè níbẹ̀? Ọ̀sán yìí náà ni wọ́n ń bọ̀. Tọ́rọ̀ bá ti wọ̀, wọ́n á gbé e kúrò nílẹ̀, ọkàn tèmi náà á balẹ̀.”

“Kí Ọlọ́run má jẹ́ kẹ́nì kan bà á jẹ́.”

“Àmín.”

Lódìkejì ògiri, ariwo ìgbálẹ̀ dákẹ́. Nasiban gbọ́ bó ṣe dákẹ́, kò rò ó sí nǹkan kan. Epo ti ń gbóná lórí iná.

Ìyá Asgar ni gbogbo èèyàn ṣì ń pe Zohran, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Asgar ti kú. Alùpùpù lọmọ náà gùn lọ síbi iṣẹ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ni okùn káìtì kan tí wọ́n fi ìgò lílọ̀ pa lára, kó lè gé okùn káìtì ẹlòmíì, bá já bọ́ sójú ọ̀nà, ó gé e lọ́rùn. Kò dé ọsibítù. Nítorí irú ikú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣòfin náà, kò sì sẹ́ni tó lè wo ojú Zohran kó sọ pé òfin náà ò dáa. Rafakat wà lára àwọn tó ń ṣe okùn nígbà yẹn. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, ó da ìgò lílọ̀ rẹ̀ sínú gọ́tà, káìtì nìkan ló sì ń ṣe látìgbà náà. Zohran ò béèrè pé okùn ta ni. Rafakat náà ò sọ nǹkan. Wọ́n ṣì ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn lórí ògiri.

Oòrùn ò tíì kan àtàrí nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Ọlọ́pàá mẹ́ta ni. Jantan ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù, òun ló sì ní kí wọ́n wọlé. Ó rí i pé ọkùnrin ni wọ́n, ó sì rí i pé wọ́n pọ̀. Kò rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Ìyá, a gbọ́ pé gudi wà nílé yìí,” ni ọ̀gá wọn wí. Ọkùnrin kan tó sanra, tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni. Ó sọ ọ́ sókè, nítorí ó rí i pé arúgbó ló ń bá sọ̀rọ̀.

Jantan gbọ́ ọ kedere. “Ó wà,” ló wí. “Ẹ mà tètè dé. Ọ̀sán la fi sí. Ẹ jókòó.”

“Ibo ló wà?”

“Orí òrùlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un sọ̀ kalẹ̀ fún yín.”

“Ẹyọ mélòó ni?”

“Ẹyọ kan ṣoṣo. Ọlọ́run ò fún wa ju ẹyọ kan lọ.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Àmọ́ ẹ máa rí i fúnra yín, kò lábùkù kankan.”

Ọ̀gá ọlọ́pàá wo àwọn ọmọ rẹ̀. “Ta ló ni ín?”

“Ọmọ mi ọkùnrin. Òun ni Bàbá Gudi.”

“Bàbá gudi,” ni ọ̀gá náà tún wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàtà ni Nasiban kọ́kọ́ rí látinú ilé ìdáná, bàtà dúdú lórí àtẹ̀gùn. Ó sáré jáde tòun ti síbí tó fi ń din pakora lọ́wọ́.

“Ẹ dákun, ọmọbìnrin wà lókè. Ẹ jẹ́ kó borí ná.”

Wọn ò dúró. Nígbà tí Nasiban fi máa débẹ̀, ọ̀kan ti ń gbé mátírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n sá sóòrùn, èkejì ń yọjú sẹ́yìn táǹkì omi. Gudi dúró láàárín wọn nínú aṣọ pupa, orí rẹ̀ lófìfo, irun rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tú dé ìdí, ìyarun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin àjèjì kì í rí irun ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi fọ́kọ. Ìborùn rẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọlọ́pàá. Lórí òrùlé tó yí wọn ká, àwọn tó ń sá aṣọ ti dáwọ́ dúró, àwọn tó ń bọ́ ẹyẹlé náà ti dáwọ́ dúró.

“Gudi dà?” ni èyí tó kéré jù nínú wọn bi í.

“Èmi ni,” ni Gudi wí.

Ó gba ìṣẹ́jú kan kó tó yé wọn. Ọlọ́pàá kékeré ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà lọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ fún un, lẹ́yìn náà làwọn orí òrùlé. Rafakat tó ti jáde sí àgbàlá náà rẹ́rìn-ín. Ó ń fi etí ẹ̀wù funfun rẹ̀ nu òógùn ojú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Nasiban ló ṣa ìborùn ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku bàtà kúrò lára ẹ̀, ó fi bò ó lórí.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ní kí wọ́n má bínú, ẹni tó pè wọ́n ló ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ó jókòó, ó gba tíì, ó jẹ pakora mẹ́ta, ó sì yin ata tó wà nínú ẹ̀. Ó tiẹ̀ béèrè irú ọkọ tí Gudi fẹ́ fẹ́, wọ́n sì sọ fún un pé ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ aṣọ ni, Saklen lorúkọ rẹ̀. Ó dìde láti máa lọ. Ìgbà tó ń nu ọwọ́ ló béèrè, bí ẹni tó kàn ń wá ọ̀rọ̀ sọ:

“Ẹ̀yin ò ṣe káìtì rí nílé yìí?”

Rafakat dákẹ́. Ìdákẹ́ rẹ̀ sì pẹ́. Nasiban ò lè gbà á mọ́ra. Ó rí i bí ìdákẹ́ yẹn ṣe ń sọ ọkọ rẹ̀ di olè lójú àlejò, ọ̀rọ̀ sì jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

“A ti kó gbogbo ẹ̀ fún yín, sà. Ìwé yín wà lọ́wọ́ mi.”

“Nasiban,” ni Rafakat wí.

Àmọ́ ìyàwó rẹ̀ ti wọlé. Ó gbé Kùránì sókè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fa ọ̀rá yọ, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ bó ṣe ń bọ̀, kí epo má bàa kan òǹtẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún ọ̀gá.

Ọkùnrin náà kà á. Ó tún padà jókòó, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kejì.

“Ta ló tẹ̀ka síbí?”

“Bàbá Gudi ni.”

“Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀?”

“Pé a ti kó o sílẹ̀.”

“Ó ní èmi, Rafakat, mo jẹ́wọ́ pé mo ń ṣe káìtì, mo ń ṣe okùn rẹ̀, irinwó káìtì sì wà nílé mi. Ó ní mi ò ní ṣe é mọ́.” Ó ká ìwé náà padà bó ṣe wà. “Ìyá, ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìyí. Ilé tó bá ti wà nínú ìwé yìí, tí wọ́n bá tún wá pè wá nítorí ẹ̀, òfin ò kà á sí ìgbà àkọ́kọ́ mọ́.”

“Ẹ ò rí nǹkan kan nílé wa, sà. Ọmọ mi lẹ rí.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ sì jẹun wa.”

“Mo mọ̀, ìyá. Ẹni tó pè ti pè, ó ti wọ kọ̀ǹpútà. Tí mo bá padà lọ́wọ́ òfìfo láti ilé tó ti jẹ́wọ́, èmi ni wọ́n máa bi léèrè.” Ojú rẹ̀ ń wá nǹkan kiri àgbàlá bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì dúró sórí itan Jantan. “Okùn wo nìyẹn?”

“Òwú ìgbéyàwó ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.”

Ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti so irú rẹ̀ nílé tiẹ̀ náà. Ó mú un, ó fi ìka méjì yí i bí ẹni tó ń wá ìgò lílọ̀ lára ẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

“Wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò,” ló wí.

Jantan rí i pé wọ́n fẹ́ gba òwú lọ́wọ́ òun, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí wọn. “Ẹ mú un, tiyín ni,” ló wí. “Iye tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ so. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jìnnà jù, mo fẹ́ rí i kí n tó lọ.”

Ọlọ́pàá kékeré yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá rẹ̀ fi òwú pupa náà sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Ó wá gba ọwọ́ Rafakat, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ojú àpá wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, lọ́pọ̀lọpọ̀, ní gbogbo oríkèé ìka, níbi tí okùn máa ń gbà kọjá. Gbogbo ohun tí ìjọba ní kó kó wá ló kó lọ, àmọ́ kò rí ti ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ọ̀gá náà ju ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kó jẹ́ kí àwọn máa lọ.

Rafakat wọ bàtà. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀.

“Ṣé mi ò ní kó o sun ún?” ló wí.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé àwọn àna. Mehtab, ìyá Saklen, ló ṣíwájú, ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, obìnrin méjì gbé agbọ̀n ládù, ìpápánu aládùn tí wọ́n fi bébà dídán wé. Rafakat wà láàárín àwọn ọlọ́pàá nínú ẹ̀wù funfun tó wọ̀ nítorí wọn. Ó kí wọn bó ṣe yẹ kí bàbá ìyàwó kí àna.

“Ẹ wọlé,” ló wí. “Mò ń bọ̀.”

Wọ́n wọlé lóòótọ́. Nasiban gbé àga, ó gbé omi, ó gbé tíì, ó gbé pakora tó ṣẹ́ kù. Ó rán Gudi wọ yàrá, ó sì pè é jáde, ó tún ní kó padà wọlé. Mehtab jókòó sí etí àga, àpò rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Kò fọwọ́ kan ife.

“Wọ́n ní wọ́n gun orí òrùlé,” ni Mehtab wí.

“Wọ́n ṣèèṣì ni, Ìyá Saklen. Nítorí orúkọ ni. Wọ́n rò pé káìtì ni.”

“Òun nìkan ló wà lókè níbẹ̀?”

“Òun nìkan ni. Ó ń yarun.”

“Orí ẹ̀ wà ní bíbò?”

Nasiban wo ilẹ̀. Ó tún ti àwo pakora sún mọ́ àlejò. Ọkọ Mehtab wúkọ́, ó ní oòrùn ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Jantan tó rí i pé ilé tún ti kún na ọwọ́ sí agbọ̀n.

“Ẹ tú ládù, ká jẹ,” ló wí. “Kí lẹ̀ ń wò?”

“A ò bá yín jà,” ni Mehtab wí. Ohùn rẹ̀ ò le rárá, ìyẹn gan-an ló ba Nasiban lẹ́rù. “Ẹ jẹ́ kí Bàbá Gudi dé ná. Wọn kì í dá ọjọ́ láìsí bàbá nílé.”

“Ẹ so òwú sílẹ̀ fún wa, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá dé, ẹ̀ẹ́ kàn sọ iye ọjọ́ fún un.”

“Òwú wo?” ni Mehtab bi í.

Nasiban wo itan Jantan. Nǹkan kan ò sí níbẹ̀.

Wọn ò lò ju ìdajì wákàtí lọ. Obìnrin tó gbé agbọ̀n wọlé gbé e lọ́wọ́ bó ṣe ń jáde, bí ẹni tó gbàgbé pé ó yẹ kóun gbé e sílẹ̀. Ìrẹsì ń tútù nínú ìkòkò. Adìẹ wà níbẹ̀ tòun ti ọ̀rá tó ti dì lójú rẹ̀.

Kí wọ́n tó yí kọ́nà tán, ọ̀rọ̀ ti dé ìdí ẹ̀rọ omi. Ẹnì kan ní igba káìtì ni wọ́n bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì arúgbó.

“Irọ́ ni, ọmọ yẹn ni wọ́n bá lórí òrùlé.”

“Òun àti ta ni?”

“Òun àti ọlọ́pàá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Nasiban kọjá tòun ti ìbòjú rẹ̀, wọ́n kí i, wọ́n sì bi í bóyá ọ̀nà jíjìn ló ń lọ.

Àgọ́ ọlọ́pàá ló ń lọ. Wọn ò jẹ́ kó rí ọkọ rẹ̀. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wo ìwé, ó ní ọjọ́ kọkànlá sí òní ni adájọ́ máa gbọ́ ẹjọ́ náà, kó má wulẹ̀ wá láàárín. Bó ṣe ń padà, ó yà sílé Alájì. Alájì wà níta ilé alájà mẹ́ta rẹ̀, lábẹ́ pátákó ńlá kan tí àwòrán rẹ̀ wà lára ẹ̀. Nasiban ò lè ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀: Alájì ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí i pé káìtì dópin ládùúgbò.

“Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, Alájì. Ẹ̀yin mọ̀ pé a ti kó o sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń rà á.”

Alájì wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ìyá Gudi, rọra. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ò dáa fún ẹnikẹ́ni,” ló wí. “Alága ni mí. Ṣé alága ló máa wá lọ dúró fún oníkáìtì?” Ó ní kí wọ́n fún un lómi tútù mu. Nasiban mu ún, torí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì kórìíra ara rẹ̀ bó ṣe ń mu ún.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí orí Zohran yọ lókè ògiri. Nasiban jókòó sílẹ̀, ó ń bu adìẹ tó ṣẹ́ kù sínú abọ́ kékeré. Kò dìde.

“Ìyá Gudi.”

“Ìyá Asgar.”

Zohran fi ọwọ́ méjèèjì di etí ògiri mú.

“Gudi ni mo gbọ́,” ló wí.

“Gudi náà ni.”

Nasiban fẹ́ bínú sí i. Gbogbo ọjọ́ ló ti fi ń tọ́jú ìbínú náà fún ẹni tó bá pe ọlọ́pàá, ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀bùn ìjọba. Ní báyìí tó rí ojú rẹ̀, ohun tó ń rántí ni aṣọ funfun tí wọ́n wé mọ́ ọrùn Asgar, àti bí ọkọ òun ò ṣe lè wọlé lọ kí ìyá ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, tó kàn dúró síta nínú oòrùn.

“Wọ́n ní wọ́n máa fún mi ní nǹkan,” ni Zohran wí. “Mo ní mi ò gbà.”

Nasiban fi ọmọrí dé abọ́ náà.

Láti orí bẹ́ẹ̀dì onókùn ni ohùn Jantan ti wá. “Nasiban. Àwọn àna ti mú òwú tiwọn lọ. Tiwa dà? Ọmọ mi ńkọ́?”

“Ó sin àlejò lọ, Màmá.”

“Ó ṣe dáadáa. Mú òwú wá kí n so tiwa. Wọ́n ti dá ọjọ́?”

Nasiban gbójú sókè sí ògiri. “Ẹ fún mi ní òwú,” ló wí fún Zohran.

“Àwọ̀ wo?”

“Èyí tó bá wà nílé.”

Zohran wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀, ó sì na ìdì òwú funfun kan lórí ògiri, ọwọ́ méjèèjì ló fi nà án. Nasiban gbà á, ó gbé e lé itan arúgbó náà. Jantan fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n, ó gbé e sún mọ́ ojú, kò mọ àwọ̀ rẹ̀.

“Ọjọ́ mélòó?”

“Mọ́kànlá, Màmá.” Ó ní láti tẹ̀ sí i létí, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. “Ọjọ́ mọ́kànlá.”

“Mọ́kànlá péré?” Ojú Jantan tàn. “Wọ́n mà ń kánjú ọmọ wa. Mo sọ fún yín pé wọ́n máa fẹ́ràn rẹ̀. Gudi, jáde wá, wá bá mi kà á.”

Gudi jáde látinú yàrá. Ó ti bọ́ aṣọ pupa. Ó wo òwú funfun, ó wo ìyá rẹ̀, Nasiban sì mi orí fún un díẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà, ó di etí òwú kan mú. Jantan so ó, ó ń fi eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ fa kókó kọ̀ọ̀kan le, ó sì ń kọ orin tí wọ́n máa ń kọ fún ìyàwó ní ohùn jẹ́jẹ́. Gudi ń kà á sókè fún un, kó lè gbọ́.

Nígbà tó pé mọ́kànlá, Nasiban gba òwú náà, ó fi kọ́ ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

“Ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan tú méjì lẹ́ẹ̀kan náà o,” ni Jantan wí. “Ọ̀kan láràárọ̀ ni. Bàbá Gudi ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó tú ti àkọ́kọ́ lọ́la.”

“A ti gbọ́, Màmá,” ni Gudi wí.